Bọ́dì fílà lára ọkọ̀ ìjàpá: ibi tó yẹ kó wà àti ibi tí kò gbọdọ̀ dé

Ọ̀pọ̀ àwọn tó fẹ́ràn ọkọ̀ àtijọ́ ló ń fi ojú burúkú wo bọ́dì fílà, ohun rírọ̀ tí wọ́n ń tẹ́ sójú ibi tó jìn lára ọkọ̀, tó máa ń gan, kí ojú rẹ̀ lè gún. Bí wọ́n bá ti gbọ́ pé ó wà lára ọkọ̀, wọ́n á ní ọkọ̀ náà ti bàjẹ́ nìyẹn. Àwọn mìíràn sì wà tó jẹ́ pé fílà ni wọ́n fi ń wo gbogbo àrùn: ihò, ìpẹtà, ilẹ̀kùn tó kó wọnú, gbogbo rẹ̀ ni wọ́n ń rọ́ ọ sí. Àwọn méjèèjì ló ṣì í. Omi ló ń ba ara ọkọ̀ jẹ́. Fílà tí wọ́n fi síbi tí kò yẹ, tàbí tó nípọn jù, ló máa ń fi omi náà pamọ́ títí irin á fi jẹ tán lábẹ́ ọ̀dà tó ń dán. Nítorí náà, bí a ṣe ń lo fílà tí omi kò fi ní rí ọ̀nà dé ìdí rẹ̀ ni mo fẹ́ sọ, láti orí irin títí dé orí práímà, ìyẹn ọ̀dà àkọ́kọ́ tí ọ̀dà tó ń dán máa gùn.

Ọkọ̀ ìjàpá, Volkswagen Beetle, ni mo mú ṣe àpẹẹrẹ. Ilé iṣẹ́ Volkswagen bẹ̀rẹ̀ sí í to ọkọ̀ pọ̀ ní Ọ̀jọ́, l'Ékòó, ní 1975, ìjàpá sì wà lára ohun tí wọ́n ń tò níbẹ̀. Ó ṣì kù káàkiri àgbàlá nílẹ̀ wa. Kò fẹ́rẹ̀ẹ́ sí ibì kan lára rẹ̀ tó tẹ́ pẹrẹsẹ, torí náà ẹni tó bá lè fi fílà tọ́ ọ kí ojú rẹ̀ gún, kò sí ọkọ̀ tí kò lè tọ́. Wọ́n ń ṣe é ní Mẹ́síkò títí di 2003, pánẹ́ẹ̀lì rẹ̀ tuntun, ìyẹn àwọn abala irin ara rẹ̀, sì ṣì wà lọ́jà. Ẹni tó bá rọ́ fílà sórí irin tó ti jẹra lára ìjàpá kò ní àwáwí kankan.

Ohun tó wà nínú agolo

Kí fílà tó dé, òjé ni wọ́n fi ń dí ojú irin. Wọ́n á po òjé mọ́ tánńganran, wọ́n á fi iná gáàsì yọ́ ọ, wọ́n á sì fi igi pẹlẹbẹ tẹ́ ẹ sójú irin. Iṣẹ́ náà le, májèlé sì ni òjé. Ní 1955, Robert Merton Spink, tó ní ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń tún ara ọkọ̀ ṣe ní Miami, po talc mọ́ pilásítíìkì, èyí tí gbogbo ayé wá mọ̀ sí Bondo. (Ẹni tó bá ní Karmann Ghia, ọmọ ìyá ìjàpá, á ṣì bá òjé ilé iṣẹ́ lójú oríkèé rẹ̀. Kó má fi gíráńdà họ ọ́ o. Eruku òjé ń wọ ẹ̀jẹ̀. Fáìlì ọwọ́ ni kó lò.)

Résìnì polyester ni fílà òde òní, pẹ̀lú talc, ìyẹn òkúta lílọ̀ tí wọ́n fi ń ṣe pọ́dà, àti styrene tó ń rùn tí a bá ṣí agolo. Háádínà inú túùbù ni benzoyl peroxide. Tí méjèèjì bá pàdé, wọ́n á gbóná, wọ́n á gan. Ohun tó yẹ kí gbogbo ẹni tó ń lò ó mọ̀ nìyí: fílà tó ti gan ṣì ń fa omi. Bí sáńdípépà bá ti họ ojú rẹ̀, ihò wẹ́wẹ́ tí ojú kò rí á ṣí sílẹ̀, ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́ pàápàá á sì máa wọ ibẹ̀. Omi tó bá gba inú fílà dé orí irin kò ní ibòmíì tó fẹ́ lọ. Ìpẹtà ló ń dà, ìpẹtà náà á wú, á ti fílà sókè, ọ̀dà á lé ròrò.

Irú fílà tó ní fáíbà nínú wà pẹ̀lú. Òun kì í fa omi tó ti gbogboogbò, ó sì le gan-an. Orí ojú ibi tí wọ́n jó pọ̀ ni ó yẹ fún, ní ìpele àkọ́kọ́, kí fílà fúyẹ́fúyẹ́ tó rọrùn láti họ wá gun orí rẹ̀. Kì í ṣe ohun tí a fi ń dí ihò o, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ohun tí ọ̀pọ̀ ń rà á fún nìyẹn.

Ẹ kọ́kọ́ wá fílà àtijọ́

Kí ẹ tó ra ìjàpá, tàbí kí ẹ tó fọwọ́ kan tiyín, ẹ mọ ibi tí fílà wà. Ẹ wá òòfà kékeré, ẹ fi aṣọ fẹ́lẹ́ wé e kó má baà ha ọ̀dà, kí ẹ máa gbé e káàkiri. Ibi tó bá ti lẹ̀ gbágbá, irin wà nítòsí. Ibi tó bá ti ń fà díẹ̀díẹ̀, tàbí tó já bọ́, fílà ti nípọn níbẹ̀. Ẹ fi ìka kàn án: irin á dún, fílà tó pọ̀ kì í dún. Ẹni tó bá ní ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wọn ọ̀dà á rí nọ́ńbà rẹ̀ kedere. Ọ̀dà ilé iṣẹ́ kì í sábà ju máíkírónì 80 sí 150 lọ; ibi tí wọ́n ti tún kùn máa ń tó 200 sí 400; tí ẹ̀rọ bá ka 1,000, ìyẹn mìlímítà 1, fílà ló wà níbẹ̀. Mìlímítà 1 kò burú rárá. Ibi tí ẹ̀rọ bá kọ̀ tí kò ka nǹkan kan mọ́ ni kó kọ yín lóminú.

Lẹ́yìn náà, ẹ wo ẹ̀yìn pánẹ́ẹ̀lì. Fílà tó rọ́ gba inú ihò jáde, ìwé ìròyìn, fóòmù, tàbí àwọ̀n wáyà tí wọ́n kì bọ ihò kí fílà lè rí ibi dúró, gbogbo rẹ̀ ń sọ ohun kan náà: irin kò sí níbẹ̀ mọ́.

Ìpẹtà ìjàpá ní ibi tó ti máa ń bẹ̀rẹ̀. Ìsàlẹ̀ ilẹ̀kùn, níbi tí ihò tí omi ń gbà jáde ti dí. Abẹ́ bátìrì, tó wà lábẹ́ ìjókòó ẹ̀yìn lápá ọ̀tún, torí ásíìdì ń kán síbẹ̀. Ibi tí a ń gbé táyà àpọ̀jù sí níwájú. Ibi tí bọ́ńpà ẹ̀yìn so mọ́. Ihò wẹ́wẹ́ tí kílíìpù fi mú irin ọ̀ṣọ́ tó ń dán mọ́ ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀. Èyí tó ṣe pàtàkì jù ni heater channel, ọ̀nà afẹ́fẹ́ gbígbóná tó wà lábẹ́ ilẹ̀kùn lọ́tùn-ún àti lósì. Kì í ṣe afẹ́fẹ́ nìkan ni ó ń gbé: òun ni egungun tó so ara ọkọ̀ mọ́ ilẹ̀ rẹ̀. Bí ó bá jẹra, ilẹ̀kùn á rọ̀, kò ní pa dé dáadáa mọ́, ara ọkọ̀ á máa yí nínú kòtò, bí ìjàǹbá bá sì ṣẹlẹ̀, kò sí ohun tó ń dá ipá rẹ̀ dúró. Fílà kò gbọdọ̀ dé ibẹ̀, ì báà ṣe mìlímítà 1. A kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá. Ẹ gé e, kí ẹ jó tuntun sí i, kí ẹ tó máa ronú nípa fẹ́ńdà tó kó wọnú. Kí ẹ tó gé e, ẹ jó irin tí ẹ ó fi de ẹnu ọ̀nà ilẹ̀kùn láti ẹ̀gbẹ́ kan sí èkejì, kí ara ọkọ̀ má baà yí kúrò nípò rẹ̀.

Irin ni kó ṣíwájú

Lẹ́yìn tí a bá họ fílà tán, kò gbọdọ̀ nípọn ju mìlímítà 3 lọ níbikíbi. Èyí tó dára jù ni 1. Ìdí méjì ló wà níbẹ̀. Oòrùn ń mú polyester fẹ̀ ju irin lọ, òtútù òru á sì mú un sún kì ju irin lọ. Tó bá nípọn, fífà méjèèjì yìí á já a kúrò lára irin lẹ́yìn oṣù díẹ̀. Ìkejì ni pé irin fẹ́lẹ́ lè tẹ̀ kó sì padà, fílà tó nípọn kò lè tẹ̀. Ó máa sán ni, àwọn ọ̀nà wa sì mọ bí wọ́n ṣe ń gbọn ọkọ̀.

Torí náà, iṣẹ́ fílà bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀dọ̀ ajórin àti panẹ́ẹ̀bítà. Níbi tí ihò bá wà, ẹ gé irin tó jẹ títí ẹ ó fi dé ibi tó dán tó sì le. Irin ara ìjàpá tó bíi mìlímítà 0.8 sí 0.9, irin tí ẹ máa jó sí i kó bá a dọ́gba. Gáàsì àti kábáìdì tí àwọn ajórin wa mọ̀ lò dáadáa máa ń tan ooru ká jù fún pánẹ́ẹ̀lì tó fẹ̀. Irin á ká, á wá di pé fílà la ó fi tọ́ ohun tí iná bàjẹ́. MIG, ẹ̀rọ ìjórin tó ń lo iná mànàmáná, pẹ̀lú wáyà mìlímítà 0.6 ló tọ́ síbẹ̀. Ẹ jó o ní ojúàmì kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n jìnnà síra tó sẹ̀ǹtímítà 4 tàbí 5, kí ẹ máa fò láti ìhà kan sí ìhà kejì, kí ibi tí ẹ jó sì tutù tó ṣeé fọwọ́ bà kí ẹ tó jó ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Àwọn tó ń kánjú máa ń da omi sí i. Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀. Ìtutù òjijì yẹn á tún fa irin náà sí ibòmíì. Tí gbogbo ojúàmì bá ti pàdé, ẹ fi gíráńdà fá ojú rẹ̀, ṣùgbọ́n kí ẹ má fá irin ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ di bébà.

Fún ibi tó kó wọnú, òòlù àti dólì, ìyẹn irin wúwo tí wọ́n ń fọwọ́ dì mú sẹ́yìn pánẹ́ẹ̀lì. Bí dólì bá wà gan-an lábẹ́ ibi tí òòlù ń bà, irin á máa nà. Bí dólì bá wà lábẹ́ ibi tó jìn, tí òòlù sì ń lu ibi tó wú lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, èyí tó jìn á gòkè, èyí tó wú á wálẹ̀, irin kò sì ní nà púpọ̀. Ọ̀nà kejì yìí ló yẹ ká máa lò jù. Irin tó ti nà jù máa ń ta wọlé ta jáde tí a bá fọwọ́ tẹ̀ ẹ́. Ẹ má fi fílà sórí irú irin bẹ́ẹ̀, torí ọjọ́ tí ẹnì kan bá fọwọ́ tì í ni fílà á ṣí. Iná kékeré àti aṣọ tútù ni wọ́n fi ń sún un kì, ní ojú kékeré tó fẹ̀ tó owó ẹyọ, títí ìtapadà yẹn á fi dáwọ́ dúró.

Ibi tó wú ló ń jẹ fílà jù, èyí kò sì hàn sí ọ̀pọ̀ ènìyàn. Bí ẹ bá fi ibì kan sílẹ̀ tó ga ju bó ṣe yẹ lọ ní mìlímítà 2, gbogbo àyíká rẹ̀ lẹ máa fi fílà gbé ga ní mìlímítà 2 kí ojú rẹ̀ tó lè gún. Ẹ lù ú wálẹ̀. Kó lọ sílẹ̀ díẹ̀ sàn ju kó ga lọ. Láti mọ̀ ọ́n, ẹ fi máákà dúdú kun ojú irin náà, kí ẹ fa búlọ́ọ̀kù, ìyẹn ohun ìdìmú tí wọ́n ń fi sáńdípépà bò, tó ní sáńdípépà 80 (bí nọ́ńbà bá ṣe kéré sí ni ojú rẹ̀ ṣe ń le sí) kọjá lórí rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì péré: ibi tí máákà ti kúrò ló ga, ibi tó kù sí ló jìn. Ẹ wọ ìbọ̀wọ́ aṣọ fẹ́lẹ́, ẹ pa ojú dé, kí ẹ fi àtẹ́lẹwọ́ nu ún láti apá kan dé apá kejì. Ọwọ́ á sọ ohun tí ojú kò rí.

Kí fílà tó gun orí irin

Ẹ họ ọ̀dà àtijọ́ kúrò títí kọjá ibi tí fílà máa dé, ó kéré tán sẹ̀ǹtímítà 5 ní gbogbo àyíká. Etí fílà kò gbọdọ̀ gun orí ọ̀dà àtijọ́. Ọ̀dà tó wà lábẹ́ kì í lágbára tó irin, tínà inú práímà á sì wọ etí yẹn, á mú un wú. Lẹ́yìn tí ọkọ̀ bá ti dán tán ni òrùka kan á wá hàn yípo ibi tí ẹ tún ṣe. Gbogbo ẹni tó ti rí òrùka yẹn rí mọ̀ pé kò sí pọ́líìṣì tó lè pa á rẹ́.

Sáńdípépà 80 ló ń fún irin ní eyín tí fílà máa fi di ìdí mú. Irin tí wọ́n fi 240 họ dán jù, fílà á yọ bọ́ lára rẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ fi oògùn tí wọ́n ṣe fún nínu gíríìsì nù ún, aṣọ kan láti fi pa á, aṣọ gbígbẹ kejì láti fi nù ún kúrò kó tó gbẹ. Pẹtiróòlù kò dára fún èyí, kẹrosíìnì tilẹ̀ burú jù, torí méjèèjì ń fi ọ̀rá sílẹ̀. Ẹ má fi ọwọ́ lásán kàn án mọ́. Òógùn ọwọ́ ní iyọ̀.

Ojú ìpẹtà tó jìn wọnú irin, tí sáńdípépà kò dé, lè gba oògùn phosphoric acid. Àmọ́ ẹ ṣan oògùn náà kúrò bí agolo rẹ̀ ṣe wí, kí ẹ sì gbẹ irin náà pátápátá. Ásíìdì tó bá kù sílẹ̀ kò ní jẹ́ kí fílà gan dáadáa níbi tó ti kan irin. Ìdí kan náà ni kò fi yẹ kí fílà gun orí práímà tó ní ásíìdì, èyí tí wọ́n ń pè ní etch primer. Fílà á gan lókè, á rọ̀ nísàlẹ̀, ẹ kò sì ní mọ̀ títí ọkọ̀ á fi kúrò ní ṣọ́ọ̀bù.

Ṣé orí irin lásán ni kí fílà wà, àbí orí práímà epoxy, irú práímà tó ń dí ojú irin mọ́ omi? Méjèèjì ló ń ṣiṣẹ́. Mo fara mọ́ epoxy, pàápàá fún ẹni tó wà l'Ékòó tàbí lẹ́bàá òkun, níbi tí irin tí ẹ họ lánàá lè ti pọ́n lówùúrọ̀ òní. Ìpele epoxy kan sí méjì á dí ojú irin pa, kí ìrọ̀lẹ́ àti òjò tó dé. Bí fílà bá máa gun orí rẹ̀ láàárín àkókò tí agolo epoxy yẹn fàyè gbà, ẹ kàn fi sáńdípépà 80 ha ojú rẹ̀ díẹ̀ láìjẹ́ kó dé irin. Bí àkókò náà bá ti kọjá, ẹ ha á dáadáa. Àwọn tó yan irin lásán gbọ́dọ̀ họ irin kí wọ́n sì fi fílà sí i lọ́jọ́ kan náà, láì sun oorun sí i láàárín.

Pípò rẹ̀

Ẹ fi igi tó mọ́ ro inú agolo láti ìsàlẹ̀. Résìnì máa ń léfòó, talc á sì rọ̀ sílẹ̀. Ẹni tó bá ń bù ú lókè láìrò ó, résìnì lásán ló ń bù, tó bá sì dé ìsàlẹ̀, á bá nǹkan gbígbẹ tí kì í lẹ̀. Ẹ tẹ túùbù háádínà lọ tẹ̀ ẹ́ bọ̀ kí ẹ tó ṣí i, torí omi rẹ̀ máa ń yà sọ́tọ̀.

Ìwọ̀n tí ọ̀pọ̀ agolo ń sọ ni ìdá 2 nínú 100 ní ìwúwo. Fílà gíráàmù 100, háádínà gíráàmù 2. Fílà 250, háádínà 5. Sìkéèlì kékeré tí wọ́n ń tà fún àwọn tó ń ṣe kéèkì tó fún iṣẹ́ yìí, owó rẹ̀ kò sì tó owó agolo kan. Mo tẹnu mọ́ ọn nítorí pé fífojú wọ̀n ni ọ̀pọ̀ wàhálà fílà ti ń wá. Háádínà tó pọ̀ jù kò mú fílà le sí i. Á mú un gbóná lójijì, á kún fún ihò wẹ́wẹ́, á sì rọrùn láti sán. Èyí tó ṣẹ́ kù láìrí résìnì bá ṣiṣẹ́ á máa gba inú ọ̀dà jáde, àbàwọ́n á hàn lójú ọ̀dà tuntun lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Háádínà tó kéré jù burú ju ìyẹn lọ: fílà á máa lẹ̀ mọ́ sáńdípépà, ìdí rẹ̀ kò sì ní gan láéláé. Ọ̀nà àbáyọ kan ṣoṣo ni kí ẹ họ ọ́ kúrò pátápátá.

Ní ìwọ̀n ooru 20 sí 25, ẹ ní bí ìṣẹ́jú 4 sí 5 kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í dì. Ní ọ̀sán wa, nígbà tí ooru bá wọ 33 tàbí 35, ìṣẹ́jú yẹn lè dín sí ìdajì. Ohun tó yẹ ká ṣe ni ká po kékeré, gíráàmù 80 sí 120 lẹ́ẹ̀kan, ní kùtùkùtù, lábẹ́ òrùlé, pẹ̀lú háádínà ìdá 1.5. Kò gbọdọ̀ wá sísàlẹ̀ 1. Irin tó ti wà lóòrùn lè gbóná tó 60, ó sì máa mú fílà gan láti ìsàlẹ̀ kí òkè tó mọ̀. Ẹ jẹ́ kó tutù. Àwọn ará wa tó ń ṣiṣẹ́ nínú gáréèjì ní London tàbí Manchester nígbà òtútù ní ìṣòro òdìkejì: bí ooru kò bá tó 15, kí wọ́n fi iná lámpù mú irin lọ́wọ́ọ́rọ́, kí ọ̀rinrin ojú rẹ̀ lè lọ. Wọn ò gbọdọ̀ fi háádínà púpọ̀ dípò ooru.

Ẹ pò ó lórí gíláàsì, irin tàbí pilásítíìkì. Páálí máa ń fa résìnì mu. Ẹ má rò ó bí ẹni ń ro àmàlà, atẹ́gùn lẹ ń kó wọ inú rẹ̀ nìyẹn. Ẹ fi síkírépà kó o, ẹ yí i dojú dé, ẹ tẹ̀ ẹ́ pẹlẹbẹ, ẹ tún kó o, títí àwọ̀ rẹ̀ á fi jẹ́ ọ̀kan ṣoṣo tí ìlà kankan kò sí nínú rẹ̀.

Títẹ́ àti híhọ

Ìpele àkọ́kọ́ kó fẹ́lẹ́ bí èèpo àlùbọ́sà. Ẹ fi agbára tẹ síkírépà kí fílà lè wọ inú gbogbo ìlà tí sáńdípépà 80 ha, kí atẹ́gùn lè jáde. Kó tó gan ni ìpele kejì á ti gun orí rẹ̀, kí ẹ sì gbé e ga díẹ̀ ju bó ṣe yẹ. Ìpele méjì tàbí mẹ́ta fẹ́lẹ́ dára ju ẹyọ kan tó nípọn lọ ní gbogbo ọ̀nà. Ìṣirò kan á ràn yín lọ́wọ́: fílà lítà 1 á bo mítà 1 níbùú lóròó ní mìlímítà 1. Ẹni tó bá ń ra agolo lítà 4 kejì fún ìjàpá kan, òòlù kò tíì parí iṣẹ́ rẹ̀.

Lẹ́yìn bí ìṣẹ́jú 8 sí 10, fílà á dà bíi wàrà líle: ìgbà yìí ni fáìlì tó ní ojú bíi irin tí wọ́n fi ń rin ẹ̀gẹ́ máa ń fá ibi tó pọ̀ jù kúrò kíákíá. Ẹ jẹ́ kó gan tán kí ẹ tó mú sáńdípépà, ó kéré tán ìṣẹ́jú 20 sí 30. Sáńdípépà 80 ni ẹ fi ń fún un ní ìrísí, 120 tàbí 150 ni ẹ fi ń tún un ṣe, 180 ni ẹ fi ń parí. Bí ẹ bá ti lo 180 kí ìrísí tó pé, àṣedànù ni.

Búlọ́ọ̀kù gígùn tó le dára fún ilẹ̀kùn Peugeot 504, ṣùgbọ́n ó máa ń gé ojú pẹrẹsẹ sára ìjàpá. Fẹ́ńdà, bọ́nẹ́ẹ̀tì iwájú àti òrùlé rẹ̀ ń fẹ́ búlọ́ọ̀kù rọ́bà tàbí fóòmù tó lè tẹ̀ bá a. Ẹ máa fà á ní ìdábùú, kí ẹ yí i padà kí ìlà kejì dábùú ti àkọ́kọ́. Ẹ má lo ìka lásán lẹ́yìn sáńdípépà, torí ìka ń gbẹ́ kòtò. Kí ẹ tó fà á kọ̀ọ̀kan, ẹ fọ́n ọ̀dà dúdú fẹ́lẹ́ sójú rẹ̀, kó kàn jẹ́ bí ìrì: ibi tí dúdú bá kù sí ló jìn. Ẹ má máa họ àyíká rẹ̀ títí ibi tó jìn á fi bá a dọ́gba. Ẹ fi fílà kún ibi tó jìn.

Ìlà tó gba abẹ́ fèrèsé ìjàpá kọjá láti ilẹ̀kùn dé ẹ̀yìn ni fílà máa ń pa rẹ́ jù. Ẹ fi téèpù bo òkè ìlà náà, ẹ ṣe ìsàlẹ̀ tán, ẹ họ ọ́ dé etí téèpù. Ẹ ká téèpù, ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ìsàlẹ̀, kí ẹ wá ṣe òkè. Ìlà á jáde gún régé. Ilẹ̀kùn kó wà lára ọkọ̀ nígbà tí ẹ bá ń ṣe èyí, kí ìlà ilẹ̀kùn lè bá ti ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ mu. Ní ti fẹ́ńdà, bóòtì ló fi so mọ́ ara ọkọ̀, rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ sì wà láàárín wọn. Ẹ tú u kúrò kí ẹ tó tún un ṣe. Fílà tí wọ́n fi dí ojú oríkèé yẹn á sán lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́.

Ihò wẹ́wẹ́ tó bá kù, ẹ fi pọ́tì polyester, irú fílà tó kúná, tó ní háádínà tirẹ̀ dí i. Pọ́tì inú túùbù tí kò ní háádínà ń gbẹ bí tínà rẹ̀ ṣe ń fò lọ, ó sì lè máa sún kì fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan lábẹ́ ọ̀dà.

Ẹ gbé omi jìnnà

Ibi tí mo ti máa ń fẹ́ bá àwọn ọ̀gá wa rojọ́ nìyí. Ní ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀bù nílẹ̀ wa, kété tí fílà bá ti gan ni ọmọ iṣẹ́ á gbé korobá omi wá, á sì máa fi sáńdípépà olómi họ ọ́, nítorí kì í ruku, ojú rẹ̀ sì ń dán kíákíá. Mo mọ ìdí tí wọ́n fi ń ṣe é, àmọ́ ohun tó ń pa iṣẹ́ wọn nìyẹn. Omi wọ inú fílà, ó dé orí irin, práímà gùn ún mọ́lẹ̀ lọ́jọ́ kan náà, omi kò ráàyè jáde mọ́. Ọ̀dà tó lé ròrò lẹ́yìn òjò kan kì í ṣe ẹ̀bi ọ̀dà. Gbígbẹ ni kí ẹ họ fílà, láti 80 títí dé 180. Bí omi bá ti kàn án ná, ẹ fi lámpù tàbí oòrùn gbẹ ẹ́ fún ọjọ́ kan ó kéré tán, kí ẹ tún fi 180 gbígbẹ ha á. Bí ìpẹtà bá ti hàn létí rẹ̀, ẹ họ fílà náà kúrò.

Ẹ jẹ́ kí fílà sùn mọ́jú kí práímà tó gùn ún, kí styrene tó kù lè jáde, kó sì sún kì tán. Lẹ́yìn náà, epoxy kan, kí 2K práímà, ìyẹn èyí tí a ń po mọ́ háádínà tirẹ̀, tó nípọn tẹ̀ lé e ní ìpele 2 sí 3, kí ẹ dúró láàárín ìpele kọ̀ọ̀kan títí dídán rẹ̀ á fi kú. Lórí práímà yìí, nígbà tó bá ti gbẹ tán, ẹ lè wá lo omi pẹ̀lú sáńdípépà 400 àti 600. Ibi tí ẹ bá ti họ dé fílà tàbí irin, ẹ dáwọ́ omi dúró níbẹ̀, ẹ tún fọ́n práímà sí i.

Ẹ̀yìn pánẹ́ẹ̀lì náà ń fẹ́ ìtọ́jú, òun sì ni wọ́n máa ń gbàgbé. Ojú ibi tí ẹ jó pọ̀ ní ihò tí omi lè gbà láti ẹ̀yìn, fílà á sì fà á mu láti ibẹ̀. Epoxy sí ẹ̀yìn, lẹ́yìn náà sílà tí wọ́n ń fi dí ojú oríkèé. Wáàsì inú ihò (cavity wax), ìyẹn èyí tí wọ́n ń fọ́n sínú heater channel àti ilẹ̀kùn, kó dúró di ìgbà tí ọ̀dà bá ti gbẹ tán. Bó bá ṣíwájú, á kán sójú irin, ọ̀dà á sì máa sá fún ibẹ̀. Epo ẹ́ńjìnnì àlòkù tí àwọn kan ń dà sí i kò yẹ: ìdọ̀tí àti ásíìdì wà nínú rẹ̀, ó sì máa ń jò jáde sórí ọ̀dà tuntun.

Eruku fílà àti òórùn styrene kì í ṣe ohun tí wọ́n ń fi aṣọ bo imú fún. Ìbòmú tó ní asẹ́ tí wọ́n ṣe fún eruku àti òórùn ni kí ẹ lò, àti awò fún ojú, torí háádínà lè ba ẹyinjú jẹ́. 2K práímà tún le jù bẹ́ẹ̀ lọ. Isocyanate inú rẹ̀ ń fa ikọ́ fée tí kì í lọ mọ́, ìbòmú tó ń gba afẹ́fẹ́ tútù láti ìta ló sì tọ́ sí i. Ọmọ iṣẹ́ ní ẹ̀dọ̀fóró kan náà pẹ̀lú ọ̀gá, ẹ ra tirẹ̀ fún un.

Nígbà tí ẹ bá wá ń to ọkọ̀ pọ̀, ẹ fi wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ tú gbogbo ihò ìsàlẹ̀ ilẹ̀kùn kí ẹ tó gbé páálí inú ilẹ̀kùn padà, kí ẹ da ife omi kan gba ojú fèrèsé wọlé, kí ẹ sì wò ó bóyá ó ń jáde nísàlẹ̀.